Mo Ń Ta Ọdún, Wọn Ò Ra Ọdún

Ọmọkùnrin tó ń tẹ̀wé ní Ayétòrò, ní Òṣogbo, ló kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè tó yẹ kí n ti bi ara mi. Mo gbé bébà mẹ́fà kalẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní kó bá mi tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà. Ó kà á, ó ṣí i padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó tún un kà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ibi iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ lọ yìí, ṣé wọ́n béèrè ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ẹ lọ ni?"

Inú bí mi. Mo ní kó tẹ ohun tí wọ́n gbé fún un. ₦200 ni ojú ìwé kan, mo ka ₦1,200 fún un, mo sì há CV mi mọ́ abíyá bí ẹni tó gbàwé oyè. Ojú ìwé mẹ́fà! Gbogbo sàtífíkéètì tí mo gbà láyé mi ló wà níbẹ̀, títí kan èyí tí wọ́n fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí mo jẹ́ akápò ẹgbẹ́ akọrin.

Oṣù kẹwàá ọdún 2023 nìyẹn. Ẹni ọdún 43 ni mí nígbà náà, mo sì ti lo ọdún 19 nídìí iṣẹ́ sítóò ní ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, àwọn tó ń pín ọtí ẹlẹ́rìndòdò, mílíìkì àti bisikíìtì fún àwọn alágbàtà ní Òṣogbo, Ìkìrun, Ẹdẹ, títí dé Ìlá. Mo gba OND mi ní Ìrẹ̀é ní 2003, mo wọlé síbẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ẹni tó ń ka kíréètì ni mí nígbà tí mo dé. Nígbà tí mo máa fi jáde, gbogbo kọ́kọ́rọ́ dípò, ilé tí à ń kó ọjà pamọ́ sí, ló wà lọ́wọ́ mi. Nítorí àwọn tí irú lẹ́tà tí mo gbà máa kàn lọ́la ni mo ṣe ń kọ èyí. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dùn ún sọ.

Ohun tó gbé dípò wa lọ kò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ní oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí náírà tuntun ò sí nílẹ̀ tí àwọn ènìyàn ò sì gba ti àtijọ́ mọ́, àwọn oníbàárà wa ní Ọjà Ọba ń wo ọjà, wọn ò rí owó rà á. Ìyá kan gbé kíréètì márùn-ún, ó ní òun máa fi ráńsífà san án, ráńsífà ò wọlé fún odindi ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a lóṣù kẹta pé ká máa ná owó àtijọ́ lọ títí di ìparí ọdún, a ní ọ̀rọ̀ ti tán. Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, wọ́n búra fún Ààrẹ tuntun, ó ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo tí à ń rà ní nǹkan bíi ₦190 lé ní ₦500 ká tó wí ká tó fọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta ni dípò wa ní. Wọ́n ṣírò rẹ̀ lókè, wọ́n ní láti Ìbàdàn ni wọn yóò ti máa pín ọjà fún ẹkùn wa. Ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹfà, àwa mọ́kànlá gba lẹ́tà nínú àpòòwé funfun. Ẹni tó pín in ò jókòó.

Gbogbo owó tí mo gbà jẹ́ ₦1,460,000. Owó yẹn jọ mí lójú, òun náà ló kọ́kọ́ tàn mí. Mo ra kórópe àlòkù kan, ọkọ̀ akérò kékeré, ní ₦1,100,000, mo gbé e fún awakọ̀ pé kó máa ná ọ̀nà Ọláìyá sí Ọjà Ọba, kó máa mú ₦4,500 wá lójúmọ́. Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, owó pé. Ọ̀sẹ̀ kejì, táyà bẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta, jíà ò wọlé mọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, awakọ̀ wá jókòó sí páálọ̀ mi, ó mu omi tán, ó ní, "Ọ̀gá, epo ló ń jẹ owó yẹn o, kì í ṣe èmi." Òótọ́ ló sọ. Èmi tí mo mọ iye ìgò tó ń fọ́ ní dípò lóṣooṣù, mi ò béèrè iye epo tí kórópe ń mu lójúmọ́ kí n tó rà á, ní oṣù tí gbogbo Nàìjíríà ń pariwo epo. Mo tà á lóṣù kọkànlá ní ₦620,000. Tí wọ́n bá fún ẹ lówó lẹ́nu iṣẹ́, gbé e pamọ́ fún oṣù mẹ́ta, kí orí rẹ kọ́kọ́ tutù. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró máa ń fẹ́ fi nǹkan han ayé. Ohun tó sì sábà máa ń fi hàn ni ọkọ̀.

Àṣìṣe mi kejì ni pé mo jókòó. Mo rò pé ìlú mọ̀ mí. Gbogbo alágbàtà tó wà láti Sábó dé Alékùúwodò ló ní nọ́ńbà mi. Mo ń gbé fóònù mi sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí sùn, mo ń retí kí ẹnì kan pè pé "Bàbá dípò, a gbọ́ pé ẹ ti wà nílẹ̀, ẹ wá bá wa ṣe é." Oṣù mẹ́ta kọjá, kò sẹ́ni tó pè. Ẹ̀bi tiwọn kọ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mi ò níṣẹ́ mọ́! Tí wọ́n bá bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń ní mo wà ní ìsinmi. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá mi gan-an nílé, títí tó fi sọ lọ́jọ́ kan pé, "Ìsinmi yìí mà pọ̀ o, ọmọ mi," tó sì bu ẹ̀wà sínú ike fún mi kí n gbé e lọ fún àwọn ọmọ. Ó ti mọ̀. Ìyàwó mi nìkan ni mo sọ fún, òun náà sì ni kò jẹ́ kí ebi pa wá, pẹ̀lú owó oṣù tíṣà.

Ìgbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé wáṣẹ́, mo fi gbogbo agbára bẹ̀rẹ̀. Ìpolówó iṣẹ́ kan ní ẹni tí àwọn ń wá ò gbọdọ̀ ju ọdún 30 lọ, kó sì ti ní ìrírí ọdún mẹ́wàá. Mo ṣírò rẹ̀. Ẹni yẹn ní láti ti máa ṣiṣẹ́ láti ìgbà tó ti wà ní ogún ọdún, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ṣì wà ní kíláàsì, tí wọn ò tíì ṣe àgùnbánirọ̀. Mo kọ̀wé sí wọn náà. Mo kọ̀wé síbi tí wọ́n ti ń wá oníṣirò owó, mo kọ̀wé sí hòtẹ́ẹ̀lì, mo kọ̀wé sílé-ìwé kan tó ń wá ẹni tó máa bójú tó ilé ìdáná.

Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe dáadáa ní àsìkò yẹn, àṣà iṣẹ́ ni mo fi ṣe é, láìmọ̀. Ní sítóò, ọjà kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀ tí à ń so mọ́ ibi tí wọ́n tò ó sí: èyí tó wọlé, èyí tó jáde, èyí tó kù, ọjọ́, ìfọwọ́sí. Mo gé páálí, mo fa ìlà sí i, mo ń kọ gbogbo ibi tí mo ti wáṣẹ́ sórí rẹ̀. Ọjọ́ tí mo fi ránṣẹ́, ọ̀nà tó gbà lọ, ẹni tó gbà á, èsì. Ìyàwó mi fi mí rẹ́rìn-ín pé mo ti sọ ìwáṣẹ́ di páálí mílíìkì.

Káàdì yẹn ló là mí lójú, àmọ́ ó pẹ́ kí n tó kà á bó ṣe yẹ. Ní oṣù kejìlá, ìlà 22 ló ti wà lórí rẹ̀, apá ibi tí èsì wà sì funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ọmọbìnrin àgùnbánirọ̀ kan ń gbé nínú ọgbà wa nígbà náà, ó ń kọ́ni ní ilé-ìwé girama tó wà nítòsí. Ó ní kí n jẹ́ kí òun wo CV mi. Kò tíì kà á dé ìdajì ojú ìwé àkọ́kọ́ tó fi gbójú sókè. "Dádì, ìmeèlì yìí, ṣé kì í ṣe ti ibi iṣẹ́ yín àtijọ́?"

Tiwọn ni. Wọ́n ti pa á láti oṣù keje. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ dá mi lóhùn láàárín oṣù wọ̀nyẹn, inú kànga gbígbẹ ló ń ju òkúta sí. Mi ò ní ìmeèlì tara mi láyé. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Nọ́ńbà fóònù kejì tó wà níbẹ̀ náà, ti ọ́fíìsì ni. Ọdún 19, mi ò ní ọ̀nà kankan tí ayé lè gbà rí mi tí kò gba ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ yẹn kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ ṣí ìmeèlì tara yín lónìí. Ẹ kọ nọ́ńbà àwọn oníbàárà tí ẹ bá mọ̀ sínú ìwé tó wà nílé.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àkọ́kọ́ tí wọ́n pè mí sí, Ìbàdàn ni. Àwọn mẹ́ta ló jókòó. Obìnrin tó wà láàárín ní kí n sọ nípa ara mi. Mo ní mo ti ṣiṣẹ́ sítóò fún ọdún 19. Ó ní, "Ó dáa. Kí ni ẹ ṣe níbẹ̀?" Mo ní mo ṣe sítóò. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, kí ni ẹ ṣe?" Mo tún ní ọdún 19 ni, mà. Mo rántí pé afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí mi lọ́rùn, mo sì ń làágùn. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà béèrè kọ̀ǹpútà tí mo mọ̀ ọ́n lò. Ètò tí wọ́n ṣe fún ilé-iṣẹ́ wa nìkan ni mo mọ̀, ètò tí kò sí níbòmíràn lábẹ́ ọ̀run. Wọ́n ní àwọn á pè mí. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé mi bọ̀ wá sílé, mo ń bínú sí wọn pé wọn ò mọyì àgbà.

Èyí tó tẹ̀ lé e ló dùn mí jù, torí pé ọwọ́ ara mi ni mo fi bà á jẹ́. Ibì kan ní Ògo-Olúwa níbí ni, wọ́n ń ta irinṣẹ́ ilé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, bí ẹni ọdún 28, ló fẹ́ gba ẹni tó máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ìjókòó náà ń lọ dáadáa. Ó wá wò mí, ó fi pẹ̀lẹ́ béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò ní nira fún yín tí mo bá ń rán yín níṣẹ́?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Kò séwu, ẹ ṣáà ti rántí pé ó kù díẹ̀ kí n bí yín." Mo rò pé àwàdà ni. Kò rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà á. Ọmọ Yorùbá tó bá fẹ́ pàṣẹ fún ẹni tó jù ú lọ ń ru ẹrù ńlá: tó bá bá mi wí, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́, tí kò bá bá mi wí, iṣẹ́ á bàjẹ́. Ó ń bẹ̀ mí pé kí n bá òun sọ ẹrù yẹn kalẹ̀. Mo tún gbé òmíràn lé e lórí.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, kíákíá ni mo máa sọ ọ́. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé mo ti yege, kí n wá sí gbọ̀ngàn kan nítòsí Ọláìyá pẹ̀lú ₦5,000 owó fọ́ọ̀mù. A tó ọgọ́rin níbẹ̀, àwọn ọmọdé pẹ̀lú táì lọ́rùn, àti èmi pẹ̀lú ewú lórí. Tíì tó ń wo àrùn gbogbo ni wọ́n fẹ́ ká máa tà. Ọkùnrin kan tí a jọ jáde níbẹ̀ ló wá mú mi mọ ẹni tó ní òun ní àyè kan nílé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Mo fún un ní ₦40,000. Mo mọ̀ nígbà tí mo ń ka owó náà lé e lọ́wọ́ pé mi ò ní rí i mọ́, mo sì ń kà á lọ. Ìrètí máa ń sọ àgbà di ọmọdé, kí Ọlọ́run má fi wá sílẹ̀ fún un. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá ti ní kí n mú owó wá kí n tó ríṣẹ́, mo máa ń kí i pé ó dàbọ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ń kọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé di ìgbà tí wọ́n bá darúgbó ni. Òfin ti ọdún 2014 sọ pé ẹni tí wọ́n bá dá dúró tí kò tíì pé 50 ọdún, tí oṣù mẹ́rin bá kọjá tí kò rí iṣẹ́ mìíràn, lè gba ohun tí kò ju ìdá mẹ́rin kan lọ nínú owó tó wà lórúkọ rẹ̀. Mo lọ lóṣù kọkànlá. Ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì wọn yí ojú ẹ̀rọ náà sí mi kí n fojú ara mi rí i: oṣù 14 ni ilé-iṣẹ́ mi ti yọ 8 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó oṣù mi tí wọn ò fi ránṣẹ́, ká má tíì sọ 10 nínú ọgọ́rùn-ún tó yẹ kí wọ́n fi kún un. Òfin ní kó tó kọjá ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí wọ́n bá sanwó oṣù ni kó ti débẹ̀. Mo dúpẹ́ pé sítóò ni mo ṣe. Gbogbo bébà owó oṣù mi, mo tò wọ́n sínú fáìlì ní oṣooṣù, mi ò ju ọ̀kan nù. Àwa mẹ́fà la para pọ̀ kọ̀wé, a fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí PenCom, àjọ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì. Wọ́n san ti oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ lẹ́tà. Ti oṣù márùn-ún ṣì wà nílẹ̀ di bí mo ṣe ń sọ yìí. Àwọn tí kò ní bébà lára wa ò rí nǹkan kan dì mú. Ẹ máa béèrè àkọsílẹ̀ owó yín lọ́dọọdún, ẹ má dúró de lẹ́tà.

Oṣù kejì ọdún 2024 ni ìyá kan tó ń ta profísọ̀n ní Ọjà Ọba pè mí. Oníbàárà wa àtijọ́ ni. Mo rò pé ó ń wá ọjà, mo ti fẹ́ sọ pé mi ò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ní òun mọ̀. "Bàbá dípò, ẹ dákun, ẹ wá bá mi wo sọ́ọ̀bù mi. Ọmọ tó ń bá mi tajà ń jí mi lówó."

Nígbà tí mo débẹ̀, ọmọ náà jókòó sórí àpótí, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Mọ̀lẹ́bí ọkọ màmá ni, wọ́n ti ránṣẹ́ pe àwọn òbí rẹ̀ láti Ìlobùú. Mo ní kí wọ́n ṣì ní sùúrù, kí a ti sọ́ọ̀bù ní ọjọ́ Àìkú ká ka ọjà. Láti aago méje àárọ̀ la ti bẹ̀rẹ̀. Mo gé káàdì, mo ń so wọ́n mọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan bí a ṣe ń kà á. Lẹ́yìn àpò ìrẹsì, a bá agolo mílíìkì 37 tí déètì wọn ti kọjá. Ìyẹn nìkan ò tó ohun tó sọnù.

Nǹkan bíi aago méjì ọ̀sán, mo gbé páálí bisikíìtì kan láti ilẹ̀ sórí tábìlì, ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo gbé e sọ̀kalẹ̀, mo tún un gbé. Ọwọ́ tó ti gbé páálí fún ọdún 19 kì í wá òṣùwọ̀n. Mo yí i sí ẹ̀gbẹ́, mo ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀: 40. Mo bi ìyá pé mélòó ló wà nínú páálí yìí. Ó ní 48 ni, láti ìgbà tí òun ti ń tà á. Mo ní kí wọ́n mú gíláàsì ojú wọn wá. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é ti yọ mẹ́jọ kúrò, wọn ò yí àwọ̀ páálí padà. Màmá ń ṣírò owó 48, ọmọ ń mú owó 40 wá. Ní ₦100 ẹyọ kan, ₦800 ló ń "sọnù" lórí páálí kọ̀ọ̀kan. Páálí 15 ni wọ́n ń tà lọ́sẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ 16, ó ti di ₦192,000. Owó tí kò sí láyé ni wọ́n fẹ́ tìtorí rẹ̀ ba ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ jẹ́.

Ìyá ò sọ̀rọ̀. Ó fa ọmọ náà mọ́ra, àwọn méjèèjì bú sẹ́kún. Èmi náà jáde síta, mo lọ ń wo àwọn ọlọ́kadà.

₦10,000 àti páálí núdù kan ni wọ́n fún mi. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo mú CV ojú ìwé mẹ́fà mi jáde, mo wá irú ohun tí mo ṣe lọ́sàn-án yẹn nínú rẹ̀, mi ò rí i. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀. Ipò akápò wà níbẹ̀. Pé mo lè mọ̀ lọ́wọ́ pé páálí kan ti dín, kò sí. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èmi ni mo gbé àkísà kọ́rùn lọ síwájú àwọn tó ń wá aṣọ, mo ń bá wọn ka iye rẹ̀. Ìbéèrè obìnrin Ìbàdàn yẹn wá yé mi. Ó fún mi láyè lẹ́ẹ̀mejì kí n sọ ọ̀rọ̀ páálí bisikíìtì, ọdún ni mo ń kà fún un.

Bí a ṣe tún CV náà kọ nìyí, èmi àti àgùnbánirọ̀ wa. Ó di ojú ìwé méjì. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ní láti jẹ́ nǹkan tí ọwọ́ mi ṣe, pẹ̀lú iye rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé nígbà tí mo gba dípò, ìgò tó ń fọ́ lóṣù ń lọ sí 300. Ní ọdún kejì, kò tó 90 mọ́, torí pé mo yí bí wọ́n ṣe ń to kíréètì padà. Mo kọ ọ́ pé wọ́n yẹ ọjà wò lójijì lẹ́ẹ̀meje, ìwé àti ọjà sì bára mu. Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́rin kí n tó lè rántí nǹkan mẹ́jọ péré. Ènìyàn máa ń gbàgbé iṣẹ́ tó bá ti mọ́ ọn lára. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tiyín sílẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì wà níbẹ̀.

Ó tún kọ́ mi ní Excel, ètò tí wọ́n fi ń ṣírò nǹkan lórí kọ̀ǹpútà. Mo fi díẹ̀ nínú owó ìfẹ̀yìntì tí mo gbà ra láptọ́ọ̀pù àlòkù ní ₦130,000, ìwé ọjà ìyá Ọjà Ọba la sì ń fi ṣe ìdánrawò. Tíṣà ni mo ń pè é, ó máa ń tijú. Ìrọ̀lẹ́ kan ó ní, "Dádì, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe iyán." Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló gbà mí. Nígbà tí mo rí i pé ẹ̀rọ náà lè fi àwọ̀ pupa sàmì sí ọjà tí déètì rẹ̀ ti sún mọ́lé, mo pariwo tí ìyàwó mi fi sáré wọlé.

Mo wá jókòó ti káàdì mi. Ìlà 63 ló wà níbẹ̀ nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí. Ti íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ 48, méjì ló dáhùn, ọ̀kan nínú méjèèjì sì ni àwọn onítíì. Èyí tí mo fẹsẹ̀ ara mi gbé lọ jẹ́ mẹ́sàn-án, ẹyọ kan ló dáhùn. Èyí tí ẹnì kan fẹnu rẹ̀ bá mi sọ jẹ́ mẹ́fà, mẹ́rin ló pè mí. Ká ní ọjà ni, tí wọ́n gbé káàdì yìí fún mi ní dípò, ojú ẹsẹ̀ ni mi ò bá ti mọ ibi tó yẹ kí n kó owó sí.

Ta sì ni ẹni tó fẹnu rẹ̀ ríṣẹ́ fún mi? Bàbá kan tó ń wa tírélà tó máa ń já ọjà sí dípò wa. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, torí pé mo máa ń jẹ́ kí ó dúró. Tó bá dé lọ́sàn-án, mo lè ní kó di ìrọ̀lẹ́ kí n tó buwọ́ lu wéébíìlì rẹ̀, torí pé ọ̀gá ni mí. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rántí pé mo ṣe é lóore ni ọjọ́ tí òjò pa á, tí mo ní kó wọlé wá jókòó, kí ó jẹ ẹ̀kọ. Òun náà rántí. Ó ń gbé àgbàdo lọ sílé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe oúnjẹ adìẹ lójú ọ̀nà Ìkìrun, ó gbọ́ tí wọ́n ń sunkún pé àpò ń sọnù, ó ní òun mọ ọkùnrin kan tó le koko nídìí ọjà.

Ọ̀sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun, oṣù kẹjọ ọdún 2024, ni wọ́n pè mí. Àlejò kún ìlú, ọ̀nà dí, aago mẹ́fà ni mo ti kúrò nílé. Ẹni ọdún 31 ni ọ̀gá náà. Ó béèrè ohun tí mo ṣe, mo sọ ìtàn páálí bisikíìtì. Mi ò dárúkọ ọdún 19 rárá, òun ló rí i nínú ìwé. Ó wá dé ibi tí mo mọ̀ pé ó máa dé: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀ẹ́ lè gbà kí n máa rán yín níṣẹ́?"

Mo ní, "Ẹ rán mi, sà. Ẹni tó ń sanwó ló ń ránni níṣẹ́. Ohun kan ni mo fẹ́ tọrọ: tí mo bá rí i pé nǹkan kan máa jẹ owó yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ní kọ̀rọ̀, kì í ṣe níwájú àwọn ọmọ. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ẹ bá ṣe fẹ́ ẹ la máa ṣe é." Mo rí i tí èjìká rẹ̀ wá sílẹ̀.

₦110,000 ni wọ́n fún mi. ₦148,000 ni mò ń gbà níbi àtijọ́, kí gbogbo nǹkan tó gbówó lórí. Mo gbà á, mo sì ní kí wọ́n yọ̀ǹda Sátidé fún mi, torí pé sọ́ọ̀bù mẹ́rin ni mò ń bá ka ọjà ní Ọjà Ọba báyìí. Owó yẹn àti ti Sátidé, tí mo bá pa wọ́n pọ̀, kò dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀ tí ènìyàn bá ro iye tí gaàrí jẹ́. Mi ò ní tan yín.

Nínú àwa mọ́kànlá tí a gba lẹ́tà lọ́jọ́ yẹn, àwọn méjì ò tíì rí iṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, tó jẹ́ oníṣirò owó wa, máa ń wá sílé mi ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú CV tirẹ̀, ojú ìwé márùn-ún. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a yọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó bínú díẹ̀, ó jẹ iyán tán, ó gbà. Ó ku WAEC ti 1994. Ó ní òun ò yọ ìyẹn, torí pé òun gba A1 nínú Físíìsì. A fi í sílẹ̀ di Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀.